Wọ́n Ní Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ Ni

Ẹni tí wọ́n bá fún ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ tí wọ́n kọ "mass" sí, ìyẹn ni pé kókó kan wà níbẹ̀, ni mo ń kọ èyí fún, àti fún àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sunkún. Kajú ni mò ń rà ní Mopa, mo sì ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ kò ju èyí tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi lọ, pẹ̀lú ohun tí mo béèrè títí wọ́n fi dá mi lóhùn.

Àsìkò kajú ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a kì í ráyè jókòó. Tí ọjọ́ bá ti rọlẹ̀, ara mi á gbóná. Tó bá di òru, mo máa ń làágùn títí aṣọ ìbora á fi rin gbindin. Ìrora kan wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún mi. Kì í gún mi, kì í sì í lọ. Bí a bá fẹ́ gbé àpò sórí ìwọ̀n, ọwọ́ òsì ni mò ń lò, ọwọ́ ọ̀tún á di ìhà mú.

Oníkẹ́míìsì ní maléríà pọ̀ mọ́ táífọ́ọ̀dì ni. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ta ni wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún? Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọ́n á ní Widal rẹ, ìyẹn àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dì, ga, wọ́n á di oògùn fún ọ. Mo ti wá gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà pé Widal yẹn lè ga lára ẹni tí kò ní táífọ́ọ̀dì rárá, pàápàá ní ilẹ̀ tí àrùn náà ti wọ́pọ̀. Mo lo oògùn náà, ibà náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Ìyá ọkọ mi se àgbo dóńgóyárò. Mo mu ún. Mo ń rù. Ìró tó ń yí mi po lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi po lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ẹ̀kọ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, bàbá àwọn ọmọ mi gbé mi lọ sí ilé sikáànì. Ọmọbìnrin tó ń ṣe é da jẹ́ẹ̀lì tútù sí mi níkùn, ó ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ rìn kiri. Ó dé ibì kan lábẹ́ ìhà, ó dúró. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n mí sínú, ó lọ sí ibòmíràn, ó tún padà síbẹ̀. Ó fi àmì sí etí kan, ó fi sí etí kejì, ó wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ náà kò ju ibi eléérú pẹ̀lú ibì kan tó dúdú láàárín rẹ̀. Ó wá nu ọwọ́, ó ní, "Màmá, ta ló bá yín wá?"

Ẹ̀yin tí wọ́n ti bi ní ìbéèrè yẹn rí, ẹ mọ bí inú ẹni ṣe máa ń rí.

Èsì náà ní nǹkan kan wà ní apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ mi, ó fẹ̀ tó 6.2 cm, ó sì jọ jẹjẹrẹ. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló kà á fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì ti wo Google kí a tó dé ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Kò sọ ohun tó rí fún mi. Ó kàn sunkún títí a fi délé.

Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti dàrú. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn rí ni ibi dúdú, òótọ́ sì ni, ibi dúdú wà níbẹ̀. Ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú ara, bí ohùn náà bá ṣe padà ló fi ń ya àwòrán. Ibi tí kò bá dá ohùn padà púpọ̀ ló máa dúdú. Ọyún tó kójọ sínú ẹ̀dọ̀ lè dúdú bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ lè dúdú bẹ́ẹ̀. Ibi tó kàn wú, tí ẹ̀jẹ̀ funfun ara ẹni lọ kó ara wọn jọ sí, lè dúdú bẹ́ẹ̀. N kò bínú sí i pé jẹjẹrẹ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, nítorí mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B) pọ̀ ní Nàìjíríà, òun ló sì ń fa púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń rí. Àmọ́ àbá ni ó kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, gbogbo ilé wa sì gbà á bí ìdájọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé Lọ́kọ́ja, ó ti dé Kàdúná lọ́dọ̀ àbúrò mi. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, "Ọ̀kun o, Ọ̀kun o," wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó ti wú. Àbúrò mi ní kí a ta ilẹ̀ tó wà lọ́nà Kabba kí wọ́n gbé mi lọ sí Íńdíà. Ẹnì kan ní orí òkè àdúrà ló kàn. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an jókòó níwájú mi, ó ń sọ fún àwọn tó kù pé, "Ẹ̀mí rere ni, ó ṣe dáadáa fún wa." Mo ní, "Ìyá, mo ṣì ń gbọ́ yín o." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá lọ.

Dókítà tó wà nítòsí wa ní kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná. Mẹ́dọ̀wú B kò sí, mẹ́dọ̀wú C kò sí. AFP, èyí tó máa ń ga lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, wà ní ìwọ̀nba. Inú wa dùn, àmọ́ dókítà yẹn ní kí a má tíì jó, pé AFP lè má ga kí jẹjẹrẹ sì wà níbẹ̀. Ohun tó ga fíofío ni ESR mi. Ìyẹn ń sọ pé ìjà kan ń lọ nínú ara. Kì í sọ ohun tó fa ìjà. Ó ní kí a lọ ya CT, ẹ̀rọ onítànṣán tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele.

Ibi tí a ti ya CT àkọ́kọ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò tilẹ̀ ní dárúkọ ìlú náà. Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà wọ inú òrùka ńlá yẹn, ó jáde, ó parí. Èsì tó bá a jáde ní "jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tàbí èyí tó wá láti ibòmíràn." A sanwó gegere fún un, owó kajú odindi ọ̀sẹ̀ ló wọ inú rẹ̀. Wọ́n di fíìmù sínú àpòwé ńlá fún wa, a sì gbé e kọ́ apá bí ẹni gbé ẹrù.

Ìlọrin ni ọ̀nà là díẹ̀. Láti Mopa a gba Ìsánlú, a gba Egbe, a já sí Kwara. A kì í kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, nítorí bí ọ̀nà yẹn ṣe rí láyé ìsinsìnyí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gbà fún mi. Dókítà obìnrin kan tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ ló rí wa ní ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi na ìwé èsì sí i. Kò gbà á.

"Àwòrán gan-an ńkọ́, sà? Mo máa ka ìwé yẹn tó bá yá."

A fún un ní fíìmù. Ó gbé e síwájú iná, ó wò ó, ó ní ṣé wọn ò fún wa ní sídì ni. Fíìmù, ó ní, díẹ̀ nínú àwòrán ni wọ́n ń tẹ̀ sí i. Inú sídì ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà, ibẹ̀ ni dókítà mìíràn ti lè fà á sún mọ́ ojú, kó yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ ẹni tó sanwó ni, kéèyàn béèrè kó tó kúrò níbẹ̀ ni.

Ó wá kọjú sí mi. Ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí láti ìbẹ̀rẹ̀: àìsàn wo ló ti ṣe mí ṣáájú èyí? Mo ní òróòro mi ti dá mi dúbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, pé ibà mú mi, ẹyinjú mi di yẹ́lò díẹ̀, wọ́n fa oògùn sí mi lára, ó lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó ní àkóràn inú ọ̀nà òróòro wà lára ohun tó lè mú kí ibì kan nínú ẹ̀dọ̀ wú kó sì le, kó wá máa ṣe bíi jẹjẹrẹ lójú ẹ̀rọ. Inflammatory pseudotumour ni wọ́n ń pè é. Kò wọ́pọ̀; ọdún 1953 ni Pack àti Baker kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ti inú ẹ̀dọ̀. "N kò sọ pé òun ni, mà," ó ní. "Mo kàn sọ pé àwòrán yìí kò tó láti fi sọ pé òun kọ́."

Kí ló kù sí àwòrán náà? Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n yà á. Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀. Bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ náà sí mẹ́rin, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ń gba iṣan tó ti inú ìfun wá, ìdá kan ń gba iṣan tó ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ sábà máa ń mu láti ọ̀dọ̀ ọkàn. Bí wọ́n bá wá fa oògùn tó ń mú àwòrán tàn sí ènìyàn lápá, tí wọ́n ya á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, jẹjẹrẹ yẹn á ti tàn yòò nígbà tí ìyókù ẹ̀dọ̀ kò tíì tàn. Tí wọ́n bá tún yà á ní nǹkan bí 70, ẹ̀dọ̀ á tàn. Tí wọ́n bá dúró di ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí wọ́n tó yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, oògùn á ti ṣàn kúrò nínú jẹjẹrẹ náà, á wá dúdú ju ara ẹ̀dọ̀ lọ. Ibi tó wú tó sì ti ń di àpá kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba oògùn, á sì mú un dúró pẹ́, pàápàá ní etí rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ wo ebè oníyanrìn àti ebè alámọ̀ lẹ́yìn òjò: èkínní gba omi lójú ẹsẹ̀ ó sì jẹ́ kó lọ, èkejì gba tirẹ̀ pẹ́, ó sì ṣì tutù nígbà tí èkínní ti gbẹ. Ẹni tó wo oko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn òjò kò lè mọ èwo ni èwo.

A ní láti ya CT mìíràn. Inú bí bàbá àwọn ọmọ mi, kì í ṣe sí dókítà yẹn, sí owó tó ti lọ. Kí wọ́n tó yà á, wọ́n yẹ kíndìnrín mi wò, nítorí kíndìnrín ló ń gbé oògùn àwòrán náà jáde. Wọ́n bi mí bóyá àlọ́jì kan ti mú mi rí, bóyá mò ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní kí n má jẹun fún wákàtí mélòó kan. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníke sí mi ní kọ̀rọ̀ ìgúnpá, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ti oògùn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ṣáájú ni ooru yẹn. Bí oògùn náà ṣe wọlé, ooru kan gba ọ̀fun mi, ó sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn, ó sì dá mi lójú pé mo ti tọ̀ sára. Mo fi ọwọ́ kan aṣọ mi nígbà tí wọ́n fa bẹ́ẹ̀dì jáde: gbígbẹ ni. Nọ́ọ̀sì náà ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ìyá àgbà tí ẹ bá mú lọ, kí ojú má tì wọ́n lórí ohun tí wọn kò ṣe. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ dídá èémí dúró nílé, nítorí ẹni tó bá mí lásìkò tí ẹ̀rọ ń yà á, àwòrán rẹ̀ á pòrúurùu, ohùn tó ń pàṣẹ nínú ẹ̀rọ náà kò sì gbọ́ Yorùbá.

Etí ibi dúdú náà mú oògùn dúró ní àwòrán ìkẹyìn. Kò tàn yòò ní àkọ́kọ́, kò sì ṣàn dànù. Mo rò pé ó parí nìyẹn, mo ti fẹ́ pe Kàdúná. Dókítà ní rárá. Jẹjẹrẹ mìíràn wà, ti ojú ọ̀nà òróòro, èyí tí ẹran líle bí àpá pọ̀ nínú rẹ̀, òun náà máa ń mú oògùn dúró pẹ́. Jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wá lè fara jọ ọ́. Ó fi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, kún un ní Abuja, a gba Kabba dé Obajana lórí títì kọnkéré, a já sí Lọ́kọ́ja. Ariwo MRI yẹn kò ṣeé júwe. Wọ́n fi nǹkan dí mi létí, síbẹ̀ orí ń fọ́ mi. Wọ́n gba yẹtí, pín-ìn-nì irun, àti kọ́ọ̀mù onírin tí mo ti gbàgbé sínú gèlè. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde kò ta ko èrò dókítà náà, kò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ nínú gbogbo wọn tún dá wa padà sọ́dọ̀ abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ yẹn ni ìjà ńlá nínú ilé wa. Wọ́n máa fi mú ẹran tín-ín-rín kan nínú ibẹ̀ lọ wò lábẹ́ awò. Àbúrò mi ní bí irin bá ti kan jẹjẹrẹ, ó tàn kálẹ̀ nìyẹn, pé gbogbo ayé ló mọ̀. Mo bi dókítà náà ní gbangba níwájú rẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tọ ipa abẹ́rẹ́ jáde, àmọ́ kò wọ́pọ̀, àti pé ẹ̀jẹ̀ dídà gan-an ni òun máa ń bẹ̀rù jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wo bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń dì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Ó wá bi àbúrò mi pé tí wọ́n bá la inú mi gé apá ẹ̀dọ̀ mi sọnù, tó wá jẹ́ pé ó kàn wú ni, kí ni òun máa sọ fún mi? Ẹnu rẹ̀ wọlé.

Sikáànì ni wọ́n fi ń wo ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n pa ibẹ̀ kú, mo gbọ́ "tá" kan, ó parí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èjìká ọ̀tún ló ń dùn mí lẹ́yìn náà, kì í ṣe ìhà. Wọ́n ní iṣan ìmọ̀lára ló so wọ́n pọ̀. Mo fi ìhà ọ̀tún dùbúlẹ̀ fún wákàtí gígùn, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi léraléra, mo sì ń ṣírò iye àpò kajú tó máa ti bàjẹ́ nílé.

Dídúró de èsì yẹn burú ju gbogbo ìyókù lọ. N kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

Kò sí jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ funfun oríṣiríṣi ló kún ibẹ̀ pẹ̀lú ẹran àpá. Wọ́n wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú rẹ̀, wọn kò rí i. Wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n ní kí n jìnnà sí àgbo. Wọ́n ní bí kò bá dín kù, prednisolone, oògùn tó ń mú ìwúlé rọlẹ̀, ló kàn, ìdí kan sì nìyẹn tó fi dára pé wọ́n ti mọ̀ pé mẹ́dọ̀wú B kò sí lára mi, torí oògùn yẹn lè jí mẹ́dọ̀wú tó ń sùn dìde. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, iṣẹ́ abẹ. Kò dé ibẹ̀. Ibà ló kọ́kọ́ lọ, oúnjẹ wá ń wù mí. Nígbà tí a padà lọ sikáànì, ó ti di 4.1 cm, lẹ́yìn náà ó tún dín kù sí i. Ẹnì kan náà ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kó máa wọ̀n ọ́n fún mi, kí ó má di pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló dín in kù lórí ìwé. Wọ́n ṣì ń wò ó, nítorí ó lè padà, dókítà náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbára lé èsì abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo.

Ìyá ọkọ mi ní àgbo òun ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà kí òyìnbó tó dé. N kò bá a jiyàn.

Láìpẹ́ yìí obìnrin kan pè mí láti Ìsánlú, wọ́n ti kọ "mass" sí ìwé ti bàbá rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wá san owó CT lọ́jọ́ kejì. Mo bi í bóyá ìgbà mélòó ni wọ́n máa yà á lẹ́yìn tí oògùn bá wọlé. Kò mọ̀. Mo ní kó pè wọ́n kó tó sanwó, kó ní ti ẹ̀dọ̀ ni, kó béèrè ti ìṣẹ́jú tó pẹ́ pàápàá, kó sì gba sídì. Ó ní bàbá ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ náà? Mo ní ó kàn án gan-an, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àìsàn tó ti ṣe bàbá rí, kó sì fi ìwé yẹn lé wọn lọ́wọ́ kó tó fi owó lé wọn lọ́wọ́.